Kirchhoff, one-way, RTM àbí FWI: èwo lẹ máa fi ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka geophysics, àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe seismic processing, ìyẹn iṣẹ́ sísọ ìró tó ta padà láti abẹ́ ilẹ̀ di àwòrán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń béèrè ṣáá: "ṣé RTM ni kí n lo àbí FWI?" Ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ ó ti fo nǹkan mẹ́ta mẹ́rin kọjá kó tó débẹ̀. Irú ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ yà, irú dátà tó wà lọ́wọ́ yín, àti ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa bí ìgbì ṣe ń yára tó nínú ilẹ̀ yẹn, àwọn yẹn ló yẹ kó ṣáájú, orúkọ ọ̀nà á wá tẹ̀ lé e. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n fi RTM ṣe, tí wọ́n ná owó ńlá lé lórí, tí àwòrán ẹ̀ ò sì dáa tó èyí tí Kirchhoff ti yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé velocity, ìyẹn ìyára ìgbì, tí wọ́n kó sínú ẹ̀ ò dúró ire. Ó ká mi lára gan-an, torí àwọn tó ṣiṣẹ́ yẹn mọṣẹ́, wọ́n kàn sáré yan ni.

Mẹ́rin la máa gbé yẹ̀ wò: Kirchhoff migration, one-way wave equation migration tí wọ́n ń pè ní WEM, reverse time migration tó jẹ́ RTM, àti full waveform inversion, ìyẹn FWI. Àwọn mìíràn wà tí mo máa kàn fọwọ́ bà lẹ́ẹ̀kan.

Kí gan-an là ń ṣe?

Lórí òkun, ọkọ̀ ojú omi máa ń fa airgun lẹ́yìn, atẹ́gùn tí wọ́n fún mọ́ inú ẹ̀ á bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìró ẹ̀ á gba inú omi wọ ilẹ̀ lọ, ibi tí òkúta bá ti yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè ẹ̀ ni díẹ̀ lára ìró yẹn á ti ta padà, àwọn hydrophone tó wà nínú okùn gígùn tí ọkọ̀ náà ń wọ́ á wá gbà á sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, dynamite tàbí ọkọ̀ vibroseis ló ń ṣe iṣẹ́ airgun, geophone ló sì ń gbọ́. Ohun tó wọnú kọ̀ǹpútà, àkókò ni: ìró lọ, ó bọ̀ lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdù méjì. Ibi tó ti ta padà ò sí nínú dátà yẹn rárá, àfi ká mọ bó ṣe yára tó lójú ọ̀nà. Nínú omi òkun, nǹkan bíi 1,500 mítà ló ń rìn ní sẹ́kọ́ǹdù kan, nínú iyọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ó tó nǹkan bíi 4,500, yanrìn àti shale sì ní tiwọn láàárín méjèèjì.

Ẹ wo bí àṣìṣe kékeré ṣe ń di ńlá. Ká ní ìró lọ ó sì bọ̀ ní sẹ́kọ́ǹdù méjì, tí ìyára ẹ̀ bá jẹ́ 2,500 mítà ní sẹ́kọ́ǹdù kan, a jẹ́ pé òkúta tó ta á padà wà ní 2,500 mítà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi 2,750 ṣe é, ìyẹn pé ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, ó ti di 2,750 mítà nìyẹn. Igba ó lé àádọ́ta mítà lẹ fi ṣìnà, kànga tí wọ́n ná owó tabua lé lórí lè gba ẹ̀gbẹ́ epo kọjá. Bẹ́ẹ̀ òkúta tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo fi ṣàpẹẹrẹ o, èyí tó bá dagun, ọ̀tún òsì náà lẹ máa ṣì í, kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan.

Migration ni iṣẹ́ dídá ìró kọ̀ọ̀kan padà síbi tó ti ta. Gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, inú wave equation, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ bí ìgbì ṣe ń rìn, ni wọ́n ti jáde wá, ìyàtọ̀ wọn ni iye nǹkan tí wọ́n gé kúrò nínú ẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó yàn

Àkọ́kọ́, báwo ni ilẹ̀ yẹn ṣe rí? Ní Niger Delta, yanrìn Benin ló wà lókè, lẹ́yìn ẹ̀ ni Agbada tí yanrìn àti shale ti ń gbara wọn lérí, ibẹ̀ lepo wà jù, Akata tó jẹ́ shale tí omi há sínú ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Growth fault, ìyẹn ibi tí òkúta ti là tó sì yẹ̀ nígbà tí erùpẹ̀ ṣì ń kó jọ, pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi lórí ilẹ̀ àti nítòsí etíkun, velocity ń pọ̀ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, kì í ṣàdédé fò. Tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sínú omi jíjìn, shale ti rú sókè, òkúta ti gun ara wọn lórí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ti Gulf of Mexico àti Santos ní Brazil tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ló bo epo mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ti Brazil lè nípọn tó kìlómítà méjì, ìró tó bá wọ inú iyọ̀ yẹn ń ṣẹ́ kiri ni.

Èkejì, kí lẹ mọ̀ nípa velocity? Ṣé kànga wà nítòsí tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀ wọn ìyára ìgbì? Àbí ohun tẹ́ ẹ fojú dá látinú stacking, ìyẹn pípa ohun tí ọ̀pọ̀ hydrophone tàbí geophone gbọ́ pọ̀ di ọ̀kan, nìkan ló wà?

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí eléyìí, torí ó ń gba àkókò lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ṣé shot gather ló wà lọ́wọ́ yín, ìyẹn dátà bí wọ́n ṣe gbà á lójú iṣẹ́, àbí stack? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, SEG-Y, ìyẹn fáìlì dátà seismic, tí ilé iṣẹ́ epo fún wọn, wọ́n ti stack ẹ̀, wọ́n sì ti migrate ẹ̀ tán, kí wọ́n lè máa fa horizon (ojú ìpele òkúta) àti fault lórí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wọn. Ẹ ò lè gbé ìyẹn sínú FWI, RTM tẹ́ ẹ bá sì fi ṣe, kì í ṣe èyí tí mò ń sọ nípa ẹ̀ níbí. Tẹ́ ò bá dá a lójú, ẹ fi Seismic Unix, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, ṣí i, ẹ tẹ surange kẹ́ ẹ wo header: tí offset, ìyẹn bí source (ibi tí ìró ti jáde) ṣe jìn sí receiver (ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ), bá jẹ́ òdo jálẹ̀, tí ẹ ò rí ibi tí source àti receiver wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, stack nìyẹn. Iṣẹ́jú díẹ̀ lẹ fi máa ṣe é, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ topic tí kò ní ṣeé parí. Tó bá jẹ́ shot gather, ẹ tún wo bí offset ẹ̀ ṣe jìn tó àti frequency (iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní sẹ́kọ́ǹdù kan) tó kéré jù tí ìró gidi ṣì wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ àti owó, títí kan iná. Ẹ̀karùn-ún ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi àwòrán náà ṣe, torí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí fault gbà ò wá ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ fi amplitude, ìyẹn bí ìró ṣe lágbára tó, mọ̀ bóyá gáàsì ló wà nínú yanrìn.

Kirchhoff

Òun làgbà nínú ohun táwọn ilé iṣẹ́ ṣì ń lò lójoojúmọ́. Lọ́dún 1978 ni William Schneider kọ ìṣirò ẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tó fi hàn pé wave equation gan-an ló bí i. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ó máa fi ray, ìyẹn ìlà tí ìró ń tọ̀, ṣírò àkókò láti source dé ojú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀, á tún ṣírò láti ojú yẹn dé ọ̀dọ̀ receiver, á wá lọ mú ohun tó wà nínú trace, ìyẹn ohun tí receiver yẹn gbọ́, ní àkókò yẹn, á kó gbogbo ẹ̀ jọ. Níbi tí reflector, ìyẹn òkúta tó ń ta ìró padà, bá wà lóòótọ́ wọ́n á gbe ara wọn lẹ́yìn, níbi tí kò bá sí wọ́n á pa ara wọn rẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ó gbọ́ràn. Tó bá jẹ́ igun kan péré lẹ fẹ́ rí, igun yẹn nìkan ló máa yà fún yín, kò ní sọ pé àfi kẹ́ ẹ ṣe gbogbo ẹ̀. Tí geophone ò bá tò dáadáa torí odò, abúlé tàbí irà tó wà lójú ọ̀nà, kò bínú, bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ orí ilẹ̀ ní Niger Delta ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó tún ń fún yín ní gather, ìyẹn àwọn àwòrán ojú kan náà tí wọ́n tò ní offset, ẹ̀yin náà á fojú rí i pé òkúta kan náà tẹ́ pẹrẹsẹ nínú gather tàbí pé ó ń tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìtẹ̀ yẹn ló máa sọ fún yín pé velocity yára jù tàbí pé ó lọ́ra jù. Torí pé kò wọ́n, ẹ lè ṣe é, kẹ́ ẹ tún velocity ṣe, kẹ́ ẹ tún un ṣe, títí gather á fi tẹ́. Fún èmi o, iṣẹ́ tó gbé e níyì jù nìyẹn, kódà níbi tí RTM bá ti máa ya àwòrán tó kẹ́yìn.

Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni pé àkókò kan ṣoṣo ló sábà máa ń mú fún ojú kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ iyọ̀ tàbí lábẹ́ shale tó rú sókè, ìró lè gba ọ̀nà mẹ́ta dé ojú kan náà, ray á máa forí gbára, àwọn ibì kan á wà tí ray kankan ò dé, àwòrán á wá kún fún àwọn ìlà tó tẹ̀ bí ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò sí ohun tó jọ wọ́n lábẹ́ ilẹ̀. Beam migration tí Ross Hill gbé jáde lọ́dún 1990 wo díẹ̀ lára àrùn yẹn sàn láì wọ́n jù, ilé iṣẹ́ tí kò bá rówó RTM lè yà síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, Seismic Unix ní sukdmig2d, rayt2d ló máa ń bá a ṣe àkókò sílẹ̀. Láàpùtọ́ọ̀pù tí kò lágbára rárá ń gbé e.

One-way WEM

Jon Claerbout ní Stanford ló là ọ̀nà yìí, ìwé ẹ̀ ti 1971 ló sọ òfin tí gbogbo wa ṣì ń tẹ̀ lé dòní: reflector wà níbi tí ìgbì tó ń lọ sísàlẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀ lókè ti pàdé ní àkókò kan náà. Lọ́dún 1978, Stolt àti Gazdag gbé tiwọn jáde tó ń fi Fourier ṣiṣẹ́, ti Stolt yára bí àṣá àmọ́ ó gbà pé velocity ò yí padà.

WEM máa ń gbé gbogbo ìgbì tó wà lókè sọ̀kalẹ̀ ní ìpele ìpele, gbogbo ọ̀nà tí ìró gbà ló sì ń kó sínú, ìyẹn ló fi ta Kirchhoff yọ. Àmọ́ ìhà kan ló ń rìn. Òkúta tó bá ti dagun gan-an, tó ń lọ sí ìwọ̀n 70 sókè, ó máa ń sú u, ìró tó sọ̀kalẹ̀ tó tún yí padà sókè kó tó kan ẹ̀gbẹ́ iyọ̀, kò rí i rárá. Nígbà tí ẹ̀rọ wọ́n, ó jẹ́ ohun àárín tó dáa. Ní báyìí tí GPU, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣirò tó yára gan-an, ti sọ RTM di ohun tí ọwọ́ ń tó, mi ò rí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi máa fi WEM ṣe iṣẹ́ owó tuntun, àfi tí ilẹ̀ bá tẹ́ díẹ̀ tí dátà sì pọ̀ lápọ̀jù. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ló wúlò fún jù: sugazmig inú Seismic Unix ti Gazdag ló ń lò, ẹni tó bá ka kóòdù ẹ̀ délẹ̀ ti mọ ohun tí migration jẹ́.

RTM

Lọ́dún 1983, àwọn èèyàn ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà: Baysal pẹ̀lú Kosloff àti Sherwood, McMechan, àti Whitmore. Èrò wọn dáa ju ẹ̀rọ ìgbà yẹn lọ, ó sì lé ní ogún ọdún kí ilé iṣẹ́ tó lè máa ṣe é ní 3D bí iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Kò gé nǹkan kan kúrò nínú ìhà tí ìgbì lè rìn. Ó máa ta ìgbì source síwájú nínú velocity model, ìyẹn àpèjúwe ìyára ìgbì ní ojú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀, á tún ta ohun tí receiver gbọ́ padà sẹ́yìn láti ìparí àkókò dé ìbẹ̀rẹ̀, á wá fi méjèèjì kan ara wọn ní gbogbo ojú, ní gbogbo àkókò. Ẹ̀gbẹ́ iyọ̀ tó dúró gangan, òkúta tó yí orí kodò, ìró tó yí padà, gbogbo ẹ̀ ló ń rí.

Ìṣòro ẹ̀ wà nínú kíkan yẹn. Ìgbì source ń bọ̀ láti òdo, ti receiver ń bọ̀ láti ìparí, ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀kan síbì kan kí ìkejì tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi Marmousi ṣe é, model tí Institut Français du Pétrole ṣe lọ́dún 1988 látinú ilẹ̀ Cuanza ní Angola, tí gbogbo ayé ṣì fi ń dán ọ̀nà tuntun wò. Ó gùn ní 9.2 kìlómítà, ó jìn ní 3 kìlómítà. Tẹ́ ẹ bá pín in sí mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, 920 lọ́nà 300, ojú 276,000 nìyẹn, kálukú ń gba byte mẹ́rin, a jẹ́ pé àwòrán ìgbì ní àkókò kan á gba nǹkan bíi 1.1 MB. Velocity tó ga jù nínú ẹ̀ tó 5,500 mítà ní sẹ́kọ́ǹdù kan, torí náà ìgbésẹ̀ àkókò ò lè fi bẹ́ẹ̀ ju 1 ms lọ kí ìṣirò má bàa bẹ́, tẹ́ ẹ bá gba sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin, 4,000 ìgbésẹ̀ ni. 4.4 GB fún shot kan. Tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú ìkẹrin ìkẹrin nìkan, ó bọ́ sí 1.1 GB, láàpùtọ́ọ̀pù gbé e. Ẹ wá sọ ọ́ di 3D: kìlómítà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ó jìn ní márùn-ún, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá kan náà. Ojú mílíọ̀nù 500 nìyẹn, 2 GB fún àkókò kan ṣoṣo, ìgbésẹ̀ 4,000 á gba 8 TB, fún shot kan o, bẹ́ẹ̀ shot lè pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń lo checkpoint, ìyẹn pé kí wọ́n tọ́jú ìgbésẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tún ìyókù ṣírò, tàbí kí wọ́n tọ́jú etí etí nìkan kí wọ́n fi kọ́ àárín padà.

Frequency náà tún wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ frequency tó ga jù di ìlọ́po méjì, ojú grid á di ìlọ́po mẹ́jọ, ìgbésẹ̀ àkókò á di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á wá di ìlọ́po 16. Ẹni tó bá ń gba contract tí wọ́n sì sọ fún un pé "ẹ kàn gbé e láti 30 Hz dé 60 Hz fún wa", kó rántí 16 yẹn kó tó dá wọn lóhùn lórí iye owó.

RTM tún máa ń da ìdọ̀tí frequency kékeré sórí àwòrán, pàápàá lókè níbi tí velocity bá ti yí padà lójijì, filter Laplacian ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kúrò. Gather tó ń jáde lára ẹ̀ wọ́n ju ti Kirchhoff lọ. Velocity tí kò péye sì ń bà á jẹ́ ju bí ó ṣe ń ba Kirchhoff jẹ́, torí gbogbo ohun tó wà nínú model ló gbà gbọ́: ẹ fa etí iyọ̀ síbi tí kò sí, á yà á síbẹ̀ fún yín, á mọ́lẹ̀, á sì dán. Eléyìí ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ RTM, pé àwòrán tí kò tọ̀nà lè rẹwà tó bẹ́ẹ̀ táwọn tó máa gbẹ́ kànga ò ní bi í ní ìbéèrè.

Tí apá kan àwòrán bá ṣókùnkùn torí ìró ò dé ibẹ̀ tó, least-squares RTM lè tún un ṣe. Ó máa ń ṣe RTM, á fi àwòrán yẹn ṣe dátà padà, á wo ìyàtọ̀, á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá ṣe é nígbà mẹ́wàá, ó kéré tán owó RTM mẹ́wàá ni. Kí velocity ti dúró kẹ́ ẹ tó dábàá ẹ̀.

FWI

FWI yàtọ̀ sí mẹ́ta tó kù, velocity gan-an ló ń wá. Lailly lọ́dún 1983 àti Tarantola lọ́dún 1984 ló fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú velocity model kan, kọ̀ǹpútà á fi ṣe dátà, á fi wé dátà gidi, á da ìyàtọ̀ wọn padà sínú ilẹ̀ bí RTM ṣe ń ṣe, ìyẹn á sọ ibi tó yẹ kí velocity ti pọ̀ sí i àti ibi tó yẹ kó ti dín kù, á tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́, ohun tó ń fún yín péye ju ohun tí tomography, tó ń fi àkókò ìró nìkan wá velocity, lè rí lọ fíìfíì.

Valhall ni mo máa ń tọ́ka sí. Inú North Sea ló wà, ní apá ti Norway, gáàsì tó jò sókè bo àárín àwòrán bí èéfín, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a jà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti tẹ́ okùn receiver sí ìsàlẹ̀ òkun pátápátá láti 2003, nígbà tí ilé iṣẹ́ epo BP fi FWI ṣe dátà yẹn tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010, frequency tí wọ́n lò ò kọjá nǹkan bíi 7 Hz, síbẹ̀ odò àtijọ́ tó ti kú sínú yanrìn òkè hàn kedere, bí gáàsì yẹn ṣe nà lọ náà hàn. Nígbà tó di 2017, BP kéde pé irú iṣẹ́ yìí lórí Atlantis ní Gulf of Mexico ti jẹ́ káwọn rí epo tó lé ní mílíọ̀nù 200 àgbá tí iyọ̀ fi pamọ́.

Àmọ́ ó ní èèwọ̀ ẹ̀. Tí dátà tí model yín ṣe bá fi ju ìdajì ìgbì kan lọ jìnnà sí dátà gidi, á lọ bá ìgbì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, á rò pé òun ti bá a mu, bí oníjó tó ti ṣi ìlù gbé ní ẹsẹ̀ kan, tó ṣì ń jó lọ bí ẹni tó bá ìlù mu. Cycle skipping ni wọ́n ń pè é. Ní 4 Hz, ìgbì kan gba 250 ms, ìdajì ẹ̀ 125 ms, ààyè yín nìyẹn. Ní 2 Hz, ààyè yín di 250 ms. Ẹ ti rí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń náwó torí frequency kékeré. Kẹ́ ẹ tó gbà láti ṣe FWI, ẹ fi filter mú 3 sí 5 Hz nìkan nínú shot gather yín kẹ́ ẹ wò ó: ṣé ìró ṣì wà níbẹ̀ tó so kọ́ra láti trace kan dé èkejì, àbí ariwo ìgbì òkun nìkan ló kù? Tó bá jẹ́ ariwo ni, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa yí i po, àfi kẹ́ ẹ ní model ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa gan-an.

Offset náà ṣe pàtàkì. Ìró tó sọ̀kalẹ̀ tó tún yí padà sókè láì kan reflector ni FWI ń jẹun lára ẹ̀ jù, receiver sì gbọ́dọ̀ jìnnà kó tó lè gbọ́ èyí tó lọ jìn. Streamer, ìyẹn okùn tí ọkọ̀ ń wọ́, tó gùn ní kìlómítà mẹ́jọ máa ń fún yín ní velocity apá òkè dáadáa, ẹni tó bá fẹ́ dé ìsàlẹ̀ iyọ̀ á nílò node, ìyẹn receiver adádúró, tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ òkun, pẹ̀lú offset tó lọ sí ogún kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Lórí owó kọ̀ǹpútà, nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò. Wọ́n ní FWI ló wọ́n jù torí ó ń tún iṣẹ́ ṣe ní àìmọye ìgbà. Ẹ rántí ìlọ́po 16 ìṣáájú: láti 7 Hz dé 28 Hz, ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mejì ni, 16 lọ́nà 16, 256 nìyẹn. Lórí ìwé, FWI tó yí àádọ́ta ìgbà ní 7 Hz ò tó RTM kan ṣoṣo ní 28 Hz. Ibi tó ti ń wọ́n lóòótọ́ ni nígbà tí wọ́n bá gbé e dé frequency gíga kí wọ́n lè fi velocity ẹ̀ ya àwòrán tààrà láì ṣe migration mọ́, èyí tó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá báyìí. Àkókò àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ló tún wọ́n, torí FWI ń fẹ́ ẹni tó máa máa wò ó lójoojúmọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní stack Niger Delta lọ́wọ́: ẹ ṣe interpretation yín dáadáa, ẹ má fi wave equation kún topic yín. Tó bá ń wù yín láti kọ́ imaging, ẹ gba Marmousi, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi Kirchhoff yà á, ẹ tún fi RTM yà á pẹ̀lú Devito tí wọ́n ṣe ní Imperial College London tàbí Madagascar, ètò kọ̀ǹpútà ni méjèèjì, ẹ gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àárín Marmousi níbi tí fault ti pọ̀ lẹ máa ti rí ìyàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe másítà tàbí PhD tó fẹ́ FWI, Deepwave tó ń lo PyTorch rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, GPU ọ̀fẹ́ ti Google Colab sì lè gbé 2D, wọ́n máa ń gé e ṣá o. Torí ìyẹn àti torí iná, ẹ jẹ́ kí kóòdù yín kọ àbájáde sílẹ̀ lẹ́yìn shot kọ̀ọ̀kan. Shot ò dúró de ara wọn nínú RTM, shot 240 ló wà nínú Marmousi, tí iná bá lọ ní 173, 174 lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ omi sí àgbàlá ẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, níbi tí òkúta líle ò jìnnà sílẹ̀, kò nílò ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. VES, tó ń fi iná mànàmáná wádìí ilẹ̀, ló yẹ ẹ́.

Ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe processing fún pápá epo orí ilẹ̀ tàbí inú irà: Kirchhoff ní depth, pẹ̀lú tomography, títí gather á fi tẹ́. Ibẹ̀ ni kí owó yín lọ. Níbi tí òjìji fault bá ti ń ba àwòrán jẹ́ lábẹ́ growth fault ńlá, velocity ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fault yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, lẹ́yìn náà RTM lẹ́ẹ̀kan ní ìparí. Tó bá jẹ́ amplitude ni oníbàárà yín fẹ́ fi wá gáàsì, Kirchhoff tí wọ́n ti tọ́jú amplitude ẹ̀ ló ṣì rọrùn jù láti gbẹ́kẹ̀ lé.

Tí gáàsì bá bo apá òkè bíi ti Valhall, FWI ni kó ṣáájú ohun gbogbo, kódà kó má kọjá frequency kékeré, kẹ́ ẹ wá fi velocity ẹ̀ ṣe Kirchhoff tàbí RTM.

Omi jíjìn níbi tí shale ti rú sókè, àti gbogbo ibi tí iyọ̀ wà: FWI fún velocity, RTM fún àwòrán, node ìsàlẹ̀ òkun tí owó bá gbà á. Tí owó ò bá gbà á tó sì jẹ́ streamer àtijọ́ nìkan ló wà, FWI fún apá òkè, tomography fún ìsàlẹ̀, RTM ní ìparí, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn tó máa gbẹ́ kànga pé ìsàlẹ̀ yẹn ò dá yín lójú tó òkè. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣe processing, ẹ má gba àwòrán RTM nìkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n kó gather wá pẹ̀lú, ẹ wò ó fúnra yín níbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ kànga sí, ibi tí kò bá tẹ́ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n padà sí.